Òkúta Ló Ń Yan Irin: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ère Òkúta Gbígbẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí irinṣẹ́ àti ọgbọ́n tí a fi ń gbẹ́ òkúta. Mo rí i pé àwọn kan ti mú ìwé àti bírò jáde, wọ́n ń retí kí n ka orúkọ irinṣẹ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bírò sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá lọ ra irinṣẹ́ kó tó mọ òkúta tó fẹ́ gbẹ́, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò. Òkúta ló ń yan irin, irin kì í yan òkúta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbé wá nìyẹn, ìyókù àlàyé ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti Ẹṣiẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Lọ́dún 1933 ni H. G. Ramsay, tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò fún ìjọ CMS, kọ̀wé nípa wọn tí ará ìta fi gbọ́. Nígbà tó di 1945, wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ará Ẹṣiẹ́ ti mọ àwọn ère náà, wọ́n sì ti ń bọ wọ́n, kí òyìnbó kankan tó yọjú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó ló wá wọn rí. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara, kó tó di pé wọ́n di òkúta. N kò wá bá ìtàn àwọn àgbà jà. Ara ère náà gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ẹ sún mọ́ ọn. Irun orí wọn ni a fà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka dídì rẹ̀. Ilà ojú wà níbẹ̀ fínnífínní, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn, àpótí tí wọ́n jókòó lé náà hàn kedere. Òmíràn mú idà dání, òmíràn mú ohun èlò orin. Irú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, irin ẹlẹ́nu mímú tí ọwọ́ ń tì lọ díẹ̀díẹ̀ ló ń fà á. Ẹ gbé ọ̀bẹ kan náà lọ sí ìdí àpáta Olúmọ, kí ẹ gbìyànjú láti fa ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀bẹ yín ló máa jẹ.

Ohun tó fà á ni pé òkúta Ẹṣiẹ́ rọ̀. Òkúta ọṣẹ ni, èyí tó máa ń yọ̀ tí èèyàn bá fọwọ́ pa á. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni talc, tí wọ́n ń lọ̀ ṣe pọ́ńdà ọmọ ọwọ́. Ní 1812, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedrich Mohs to àwọn ohun tó wà nínú òkúta láti 1 dé 10. Òfin rẹ̀ kò le: èyí tó bá ha èkejì lára ló le jù ú lọ. Talc ló wà ní 1. Ohun tó para pọ̀ di mábù, calcite, wà ní 3. Quartz, ìyẹn òkúta dídán tó pọ̀ jù nínú yanrìn odò, wà ní 7. Dáyámọ́ǹdì ló jókòó sórí 10. Ẹ wá fi tiwa sí i: èékánná èèyàn tó nǹkan bí 2 ààbọ̀, irin ọ̀bẹ tó nǹkan bí 5 ààbọ̀. Nínú akọ òkúta, ìyẹn granite, irú ti àpáta Olúmọ, feldspar tó wà ní 6 àti quartz tó wà ní 7 ló pọ̀ jù. Ẹ ti rí i báyìí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára apá. Èékánná lásán lè ha òkúta Ẹṣiẹ́. Ọ̀bẹ kò lè ha akọ òkúta.

Nítorí náà, irinṣẹ́ tí a fi ń gbẹ́ igi tó fún òkúta ọṣẹ. Àáké ọlọ́rùn kúkúrú á kọ́kọ́ ṣá èyí tí a kò fẹ́ kúrò, ọ̀bẹ á tẹ̀ lé e, fáìlì á tún ojú rẹ̀ ṣe, ayùn pàápàá á gé e. Agbẹ́gilére tó bá ti mọ bí a ṣe ń rí ère nínú ìtì igi ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì tó kù ni ìbẹ̀rù, mo sì ní ìdí tí mo fi pè é bẹ́ẹ̀. Igi ní iṣan tó dì í mú, òkúta kò ní. Tí a bá gbé ẹrù tó wúwo lé e lórí, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ fà á síta tàbí kí ẹ gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́, á ṣẹ́ láì kìlọ̀. Ẹ padà wo ère Ẹṣiẹ́: ọwọ́ wọn sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí kó sinmi lórí orúnkún. Ẹni tó gbẹ́ wọn mọ ohun tó ń ṣe. Ọrùn nìkan ni kò lè dáàbò bò, nítorí ọrùn èèyàn gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, níbẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kán. Orí wà lọ́tọ̀, ara wà lọ́tọ̀.

Kí ẹ tó fi irin kan òkúta rárá, irú èyí tó wù kó jẹ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e lé orí igi, kí ẹ fi òòlù kékeré kàn án káàkiri, kí ẹ máa gbọ́. Èyí tó pé á dún gooro bí agogo, èyí tó ti sán nínú á dún bọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sí i lára, kí ẹ jókòó tì í. Bí ara rẹ̀ bá ti ń gbẹ, ibi tó bá ti sán á ṣì di omi mú, ẹ ó sì rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kọ̀ tí kò gbẹ. Ìlà yẹn ni kí ẹ máa bá ṣèpinnu: bóyá kí ẹ gbẹ́ ère kékeré méjì dípò ńlá kan, tàbí kí ẹ wá òkúta mìíràn. Iṣẹ́jú mélòó kan nìyẹn, ó sì lè gba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta là.

Kí n tó kúrò lórí òkúta ọṣẹ, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Brazil. Ní ìlú Congonhas, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais, ère wòlíì 12 dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Antônio Francisco Lisboa, tí wọ́n ń pè ní Aleijadinho, ló gbẹ́ wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín 1800 sí 1805. Ọmọ Potogí tó ń kọ́ ilé ni bàbá rẹ̀, ẹrú tó ti Áfíríkà wá ni ìyá rẹ̀. Àìsàn burúkú kan bá a jà tó ba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ní ńṣe ni wọ́n ń so ṣísẹ̀lì àti òòlù mọ́ ọn lọ́wọ́ kó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Òkúta ọṣẹ ni òkúta rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ká ní akọ òkúta nìkan ni wọ́n ní lágbègbè yẹn, ọwọ́ tó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì bá tí gbẹ́ wòlíì kan, ká má tíì sọ 12. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tó rọ̀ kì í pẹ́. Ère Jésù ńlá tó wà lórí òkè ní Rio de Janeiro, tí wọ́n ṣí ní 1931, kọnkéré ló wà nínú rẹ̀, òkúta ọṣẹ wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì lẹ̀ bò ó láti òkè délẹ̀, nítorí pé òjò kì í tètè jẹ ẹ́. Mábù le jù ú lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni omi òjò tó bá ní ásíìdì nínú máa ń yọ́ mábù.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí mábù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣísẹ̀lì ti gbóná. Irin lè jẹ mábù, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń jẹ òkúta ọṣẹ. Ńṣe ló ń bó o ní ẹ̀là-ẹ̀là. Oríṣi ṣísẹ̀lì mẹ́ta ni iṣẹ́ náà dúró lé lórí. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ló ń kọ́kọ́ kó ẹ̀là ńláńlá kúrò. Eléyín, tí ẹnu rẹ̀ ní gígé bíi mélòó kan, ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn Gíríìkì ti ń lò ó láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù. Pẹlẹbẹ ló ń pa ojú eléyín rẹ́. Fáìlì àti òkúta ìfọsẹ̀ ló ń parí rẹ̀. Ẹni tó bá dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Accademia ní Florence, ní Ítálì, yóò rí ère àwọn ẹrú tí Michelangelo, agbẹ́-òkúta ọmọ Ítálì àtijọ́, kò parí: ojú ṣísẹ̀lì eléyín ṣì wà lára wọn, ìlà wẹ́wẹ́ tó ń bá ìrísí ara yí kiri. Ká sọ òtítọ́, mo fẹ́ràn wọn ju èyí tó parí lọ. Ère tó ti dán kì í sọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ohun tí olùkọ́ kì í tètè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ nìyí o: igun tí ẹ fi di ṣísẹ̀lì mú ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe lù ú lágbára tó. Lórí mábù, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, kó máa lọ síwájú púpọ̀, kí ẹ̀là lè fò síta. Ẹni tó bá nà án lóòró gan-an kó tó lù ú, kò bó nǹkan kan. Ó kàn fọ́ ara mábù náà nínú ni. Lójú ẹsẹ̀, ẹ lè má rí i. Ọjọ́ tí ẹ bá parí ère, tí ẹ lọ̀ ọ́ títí tó dán, ni àmì funfun kéékèèké yóò yọ síta ní gbogbo ibi tí ẹ ti lù báyẹn, kò sì sí ọṣẹ tàbí òróró tó lè wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé ẹlẹ́nu ṣóńṣó sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá ti súnmọ́ awọ ara ère, kí eléyín àti pẹlẹbẹ lè gba ìyókù.

Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Ó ga tó mítà 5.17, òkúta kan ṣoṣo láti Carrara ni. Òkúta náà ti bàjẹ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó kàn án: Agostino di Duccio ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1464, ó pa á tì, wọ́n tún gbé e fún Antonio Rossellino ní 1476, òun náà kò bá a lọ jìnnà. Michelangelo gbà á ní 1501, ó sì parí rẹ̀ ní 1504. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún ère náà, ẹ ó rí kùkùté igi kan. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Òun ló ń bá ẹsẹ̀ gbé ara. Ọ̀rọ̀ ọrùn Ẹṣiẹ́ náà ló tún padà wá, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọrùn ẹsẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí, ìlà sísán tín-ín-tìn-ìn-tín sì ti yọ níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìrànlọ́wọ́ kùkùté. Ní 1873 ni wọ́n gbé e kúrò ní ìta wọ inú ilé.

Ó wá ku akọ òkúta. Ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa dída ṣísẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá da irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí akọ òkúta, á yọ̀ kúrò, tàbí kí ẹnu rẹ̀ ká. Ìlù òòró tó ń ba mábù jẹ́ gan-an ni akọ òkúta ń fẹ́. Ẹ gbé ohun tó wúwo sókè, kí ẹ jẹ́ kó balẹ̀ gbọnrangandan. Ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ á jáde, ojú kékeré kan á kù síbẹ̀. Ẹ tún lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ fi máa ṣú, tí ẹ ó sì wo iṣẹ́ òòjọ́ tí ẹ ó rí i pé kò ju sísanra ìka kan lọ. Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí. Tí ọlọ bá ti dán jù, tí ata kò kúnná lórí rẹ̀ mọ́, wọ́n á ní kí wọ́n bá wọn ṣá ojú rẹ̀ kó lè mú. Ṣíṣá yẹn gan-an ni gbígbẹ́ akọ òkúta. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kò ní irin líle nígbà tí wọ́n ń gé àwọn òpó òkúta wọn. Ní Aswan, ọ̀kan nínú àwọn òpó náà ṣì dùbúlẹ̀ sínú àpáta tí wọ́n ti ń gé e. Ó gùn tó nǹkan bí mítà 42, wọ́n sì ṣírò pé ì bá wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,100. Ó sán lójú iṣẹ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n àǹfààní ńlá ni fún àwa, nítorí pé ojú iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ láì pa á rẹ́. Òkúta roboto tó ń jẹ́ dolerite ni wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé, tí wọ́n fi ń gún àpáta náà. Òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ òkúta.

Ilé-Ifẹ̀ ní irin ní tirẹ̀, ó sì lò ó lọ́nà tó yà mí lẹ́nu. Ọ̀pá Ọ̀rányàn jẹ́ akọ òkúta tó ga ju mítà 5 lọ, ìṣó irin tó lé ní 100 ló sì wà lára rẹ̀. Nínú Igbó Orè, ère ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdènà, ìṣó irin ni wọ́n fi ṣe irun orí rẹ̀. Wọ́n tún gbẹ́ ẹja àti ọ̀nì sínú igbó náà. Ó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bi mí pé báwo ni ìṣó ṣe wọ akọ òkúta. Kò lè wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá fi òòlù gbá a, á tẹ̀. Ihò ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lu ihò ní kúárì kí ẹ̀rọ tó dé ni pé ẹnìkan á di irin ẹlẹ́nu mímú mú lóòró, ẹnìkejì á lù ú, ẹni àkọ́kọ́ á yí i díẹ̀, wọ́n á tún lù ú. Ẹ má gbàgbé yíyí yẹn, nítorí láìsí òun irin á há sínú ihò. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á gbọ́n ìyẹ̀fun òkúta jáde. Ẹ wá ka ìṣó tó wà lára Ọ̀pá Ọ̀rányàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rántí pé ihò kan ló wà fún ìṣó kan.

Àpótí ìjókòó kan láti Ifẹ̀ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní ló fi í ta Gilbert Carter, Gómìnà òyìnbó ní Èkó, lọ́rẹ ní 1896. Quartz ni, ìyẹn 7 lórí òṣùwọ̀n Mohs. Ara rẹ̀ yí roboto, apá kan sì yọ láti ìhà rẹ̀ tó tẹ̀ po, tó tún padà lẹ̀ mọ́ ọn, tí àlàfo wá wà láàárín. Ẹ̀yin ọmọ Ògún, ẹ má bínú sí mi: irin kò lè fa ìlà kan sára àpótí yẹn. Ohun tó lè jẹ quartz ni quartz ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn òkúta tí a fi ń lù ú àti yanrìn tí a fi ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi. Àwọn ará Íjíbítì ní ayùn bàbà tí kò ní eyín rárá; wọ́n á da yanrìn sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa fà á lọ fà á bọ̀. Yanrìn ló ń gé òkúta, bàbà kàn ń tì í ni. Ní tèmi, yanrìn ni ó yẹ kí ó gba oríyìn jù nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo ti ń kà, kò sì sí ẹni tó ń kí i.

Sándípépà tí ẹ ń rà lónìí, yanrìn lórí pépà ni bàbá rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ní nọ́ńbà kékeré, bíi 80 tàbí 120, kí ẹ máa gòkè lọ sí 220, 400, 600, kí ẹ sì máa lò ó pẹ̀lú omi. Ẹ má fo nọ́ńbà kan. Ìlà tí 80 bá fà, 600 kò lè pa á rẹ́, ó kàn máa mú kó dán ni. Òkúta ọṣẹ máa ń ṣókùnkùn tí a bá fi òróró pa á, gbogbo ìlà tí ẹ rò pé ó ti lọ á sì jáde wá kí yín.

Alágbẹ̀dẹ tún ńkọ́? Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí i, nítorí pé ẹnu irin ń kú lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá ti rì ṣísẹ̀lì bọ omi tó le tán, wọ́n á nu ẹnu rẹ̀ kó funfun, wọ́n á tún fi iná díẹ̀ kàn án láti ẹ̀yìn, wọ́n á sì máa ṣọ́ àwọ̀ tó ń sá bọ̀ síwájú: ìyeyè ló ń ṣáájú, búráùn á tẹ̀ lé e, búlúù ló kẹ́yìn. Ẹni tí kò dúró de àwọ̀ kankan, irin rẹ̀ á le jù, á ṣẹ́ lẹ́nu. Èyí tó bá jẹ́ kí búlúù dé ẹnu, tirẹ̀ á rọ̀ jù fún òkúta. Lóde òní, ṣísẹ̀lì tó ní tungsten carbide, ohun kan tó le ju irin lọ, lẹ́nu ti wà fún akọ òkúta, kì í béèrè alágbẹ̀dẹ lójoojúmọ́.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, ìbéèrè wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé ṣebí àwọn tó ń fọ́ òkúta máa ń dáná sun àpáta kó lè là, ṣé agbẹ́-òkúta kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ní iná ń fọ́ òkúta, kì í gbẹ́ ẹ. Quartz àti feldspar inú akọ òkúta kì í wú bákan náà nínú ooru, ìjà wọn ló ń mú kó là, wọn kì í sì í béèrè lọ́wọ́ yín ibi tí ẹ fẹ́ kó ti là.

Ìyá kan béèrè bóyá ẹ̀rọ táwọn wẹ́dà ń pè ní fáílìn lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó lè ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, Mà. Ẹ fi abẹ oní-dáyámọ́ǹdì sí i, á gé akọ òkúta. Àmọ́ eruku rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Eruku quartz tí ojú kò rí ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, ó sì ń di àrùn tí wọ́n ń pè ní silicosis, tí kò ní oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọkàn balẹ̀ nítorí pé òkúta ọṣẹ rọ̀, nítorí òmíràn ní asbestos nínú. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó. Ìbòmú gidi tí wọ́n ṣe fún eruku ni kí ẹ lò. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ máa wọ́n omi sí òkúta náà kí eruku má baà gbéra, kí ẹ sì fi omi fọ ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Tó bá jẹ́ fáílìn tó ń lo iná mànàmáná, ẹ má da omi sí i lásán, nítorí pé iná á gbé yín. Ẹ wá èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún omi.